Iṣẹ́ Tí Wọ́n Rán Bámikẹ́

"Bámikẹ́, sọ fún bàbá ẹ pé ẹ̀wà wà nínú ìkòkò. Bó bá wù ú, kó bù ú. Bí ò bá wù ú, kó fi í sílẹ̀ fún èèrà."

Sẹ̀gilọlá ò gbójú sókè bó ti ń sọ ọ́. Ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń fi etí ìró nu ọwọ́, àpò ńlá tó kó aṣọ iléèwé sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó fẹ́ máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Ìyànà Ìbà. Ọládélé ọkọ ẹ̀ wà nínú yàrá, ó ń múra Ọjà Àlàbá níbi tó ti ń ta sípíkà. Kọ́ridọ̀ kan péré ló pín wọn níyà, irú kọ́ridọ̀ ilé Òkókómáíkò tí yàrá ti kọjú síra bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ láti ìparí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òjò ọdún yìí ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kankan ò tíì gba kọ́ridọ̀ yẹn kọjá láti ẹnu ọkọ dé etí aya, àfi èyí tí ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá fi ẹsẹ̀ gbé.

Wọ́n ń bá ara wọn yodì ni.

Bí ẹ bá bi Ọládélé léèrè ohun tó fà á, á ní ọ̀rọ̀ àfojúdi kan ni, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbà. Bí ẹ bá bi Sẹ̀gilọlá, á ní kò sí ìsọmọlórúkọ kankan ńbẹ̀, pé iyọ̀ ọbẹ̀ ló dìjà. Ìyá Sherif, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tiwọn, ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé àwọn méjèèjì ti gbàgbé, ojú ló ń tì wọ́n láti sọ pé àwọn gbàgbé.

Bí wọ́n bá tiẹ̀ jọ wà nínú yàrá, bákan náà ni. "Bámikẹ́, sọ fún ìyá ẹ pé kó sún fìtílà yẹn sọ́hùn-ún." Ìyá ti gbọ́. Ìyá ò ní mira. Á dúró títí ọmọ á fi kọjú sí i, tí á tún un sọ, bí ìgbà tí ògbifọ̀ bá ń túmọ̀ ìwàásù fún ìjọ tí gbogbo wọn gbédè oníwàásù. Níbẹ̀, kò sí ohun tí Bámikẹ́ lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá wà lẹ́yìnkùlé tí èkejì wà ní yàrá, ìgbà yẹn ni Bámikẹ́ máa ń ráyè.

Kò sáré. Ó rọra ń rìn gba kọ́ridọ̀, ó ń fi ọwọ́ pa ara ògiri, ètè ẹ̀ ń mì. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, ó ti kúnlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Dádì, ẹ káàárọ̀. Mọ́mì ní ẹ̀wà ti jinná o. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde láìjẹun. Wọ́n sì... wọ́n sì dín dòdò fún yín."

Ọwọ́ Ọládélé dúró lórí bọ́tìnì.

"Dòdò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òun fúnra ẹ̀ ló dín in?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ bù ú wá."

Dòdò kò sí nílé náà. Bámikẹ́ mọ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé yọ, ó rí i pé ìyá ẹ̀ ti gbé àpò ẹ̀ lọ, ló bá gba iwájú ilé lọ sọ́dọ̀ Àlàjá Àwẹ̀ró. Àlàjá ló ni ilé. Ọmọ Àwórì ni, ọmọ onílẹ̀, ìyá àgbà tó jẹ́ pé gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ló máa ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú ìta kí òórùn ẹ̀ lè jí àwọn ayálégbé tó bá ń sùn jù.

"Àlàjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní dòdò díẹ̀."

"Ebi ń pa ọ́?"

"Rárá mà. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kó di òótọ́ kó tó tutù."

Àlàjá gbé ṣíbí oníhò kúrò nínú epo. Ó wo ọmọ náà, ó ní kó tún un sọ. Bámikẹ́ sún mọ́ ọn, ó sì sọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an àti bó ṣe jẹ́ ẹ, lọ́rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Epo ń hó. Àlàjá ń yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà, kí èyíkéyìí má jóná.

"Àwọn baba wa ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ," ó sọ nígbẹ̀yìn. Ó kó dòdò sínú ọpọ́n kékeré fún un. "Máa lọ. Ṣùgbọ́n orí ọmọdé ò lè ru ẹrù àgbà pẹ́ o. Ó gbọ́dọ̀ rẹ ọrùn lọ́jọ́ kan."

Ọládélé jẹ ẹ̀wà náà tán. Dòdò ló fi sí ìkẹyìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà olólùfẹ́ tí kò fẹ́ kó tètè parí. Ó fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwo, ó fi ọmọrí bò ó. Bámikẹ́ rí i. Ayọ̀ sọ nínú ẹ̀ bí ẹyẹlé.

"Sọ fún ìyá ẹ pé..."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu bàbá ẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ jáde, nǹkan dáadáa, ó ti dé orí ahọ́n. Lẹ́yìn náà ni Ọládélé gbé e mì.

"Sọ fún un pé mo máa pẹ́ dé lónìí. Kó má tilẹ̀kùn mọ́ mi o. Èmi kọ́ ni olè."

Bóyá bí Ọládélé bá ti sọ èyí tó gbé mì yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n Bámikẹ́ ti rí i, ebi nǹkan náà sì ti ń pa á láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ẹ̀ là kó tó mọ̀.

"Dádì, Mọ́mì tún ní ẹrù aṣọ iléèwé pọ̀ lónìí. Wọ́n ní bí ẹ bá ń bọ̀ láti Àlàbá nírọ̀lẹ́, ṣé ẹ lè dúró de àwọn lẹ́sẹ̀ afárá Ìyànà Ìbà, kí ẹ jọ gbé e wálé."

Ọládélé wọ bàtà. Ó jáde. Ó padà wọlé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀, ó wọ èyí tó ní àwọ̀ sánmà, ó tún jáde.

*

Lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ Bámikẹ́ gbé e dé Ìyànà Ìbà, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lọ bá ìyá ẹ̀ gán bọ́tìnì ní Sátidé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún kẹkẹkẹkẹ. Sẹ̀gilọlá ò gbójú kúrò lára ojú abẹ́rẹ́.

"Kí ni bàbá ẹ wí?"

Bí ó ṣe máa ń béèrè ẹ̀ nìyẹn, bí ẹni tó ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà tí òun ò ní lọ.

"Wọ́n ní ẹ ṣeun, mà. Wọ́n ní ẹ̀wà náà dùn."

Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Wọ́n ní àwọn máa dúró dè yín lẹ́sẹ̀ afárá tó bá di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ẹrù aṣọ yẹn á wúwo jù fún yín."

"Bàbá ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀? Ó ní ó máa wúwo jù fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Sẹ̀gilọlá fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ó tàsé. Ó tún un kì, ó tún tàsé. Obìnrin tó ń ránṣọ láti kékeré. Ó dìde, ó lọ dúró níwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn, ó tú gèlè, ó tún un wé, ó fi ìka méjì pa pọ́ńdà sábẹ́ ojú níbi tí oorun tí kò sùn dáadáa kọ orúkọ sí. Kò mọ̀ pé òun ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Bámikẹ́ mọ̀.

"Máa lọ sílé," ó sọ fún ọmọ náà, ó ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí ẹ̀rín ẹ̀. "Gbá yàrá. Tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹ ò fẹ́ kí n dúró?"

"Mo ní máa lọ."

Bámikẹ́ lọ. Ó ń fò lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń fò lórí èkejì. Ó ti ro gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe máa pàdé, bí Dádì ṣe máa gba àpò náà, bí Mọ́mì ṣe máa ní "ẹ má ṣe wàhálà," bí Dádì ṣe máa ní "gbé e wá jàre." Ohun kan péré ni kò rò. Òun fúnra ẹ̀ kì í kọjá sí òdìkejì títì, nítorí náà kò wá sọ́kàn ẹ̀ pé afárá ní ẹsẹ̀ méjì.

Sẹ̀gilọlá dúró lẹ́sẹ̀ tó wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ọládélé dúró lẹ́sẹ̀ kejì, níbi tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àlàbá ti ń já èrò sílẹ̀. Òùngbẹ ọ̀rọ̀ ń gbẹ àwọn méjèèjì. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo "Òkókó! Òkókó! Bàdágírì!" èéfín ọkọ̀ ń rú gùdù láàárín wọn. Ọládélé ra àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn, ó ní kí ìyá alágbàdo pọ́n ọn fún ẹni méjì. Sẹ̀gilọlá ń wo gbogbo ọkùnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn, gbogbo ẹni tó bá rìn bí ọkọ ẹ̀ ni àyà ẹ̀ ń já sí, títí wọ́n á fi súnmọ́ tòsí tí wọ́n á sì di ọkọ ẹlòmíràn.

Kò sí èyí tó gòkè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gòkè lọ wá èkejì, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀.

Fóònù sì wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà ara wọn wà nínú ẹ̀.

*

Ọládélé ló kọ́kọ́ délé. Bámikẹ́ ti gbá yàrá, ó ti to àwo méjì sórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Ó wo ojú bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo náà kúrò, jẹ́jẹ́, kó má dún.

Kò pẹ́ náà ni Sẹ̀gilọlá dé. Àpò wà lórí ẹ̀, òógùn ti fọ pọ́ńdà ojú ẹ̀ dànù, gèlè ti wọ́. Kò pe Bámikẹ́ kó wá bá òun gbé ọ̀rọ̀ lọ. Àárín kọ́ridọ̀ ló ti pariwo:

"Ọládélé!"

Ilẹ̀kùn ṣí lọ́tùn-ún lósì. Obìnrin tó jẹ́ pé bí òun àti ọkọ ẹ̀ tiẹ̀ ń yodì, "Bàbá Bámikẹ́" ló ṣì ń pè é.

"Kí ni mo fi ṣe yín? Ẹ fi mí dúró bí òpó iná ní gbangba Ìyànà Ìbà! Gbogbo ayé ń kọjá, wọ́n ń wò mí!"

"Èmi?" Ọládélé jáde pẹ̀lú ìbàǹtẹ́ ìwẹ̀. "Ìwọ lo fi mí dúró! Ìwọ lo ní kí n wá gbé ẹrù!"

"Èmi ní kí ẹ wá gbé kí ni? Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ pé ó máa wúwo jù fún mi!"

"Ohun tí mo ránṣẹ́ ni pé kó o má tilẹ̀kùn mọ́ mi!"

Ìyá Sherif ti wà lẹ́nu ọ̀nà, apá kan orí ẹ̀ ti di dídì, apá kejì dúró bí koríko. "Ẹ gbà mí o, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀! Àlàjá, ẹ jáde wá wo iṣẹ́ ìyanu!"

"Ìyá Sherif, gbẹ́nu sọ́hùn-ún," ni Ọládélé wí.

"Mo ti dákẹ́. Abẹ́ẹ̀gì, ẹ máa bá a lọ."

Ṣùgbọ́n wọn ò bá a lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ti kan ògiri. Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ, àwọn méjèèjì sì yí ojú wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà sí ibi kan ṣoṣo, níbi tí Bámikẹ́ dúró sí pẹ̀lú àwo méjì lọ́wọ́.

"Ìwọ ni?" ni bàbá ẹ̀ wí.

Ó gbé àwo náà mọ́ àyà.

"Dòdò àárọ̀ ńkọ́?"

"Dòdò wo?" ni Sẹ̀gilọlá béèrè.

"Tèmi ni," ni Àlàjá Àwẹ̀ró wí láti ẹnu ọ̀nà iwájú. "Ó dùn, àbí kò dùn?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ti mú Ọládélé láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó rántí ọ̀kan tó fi ọmọrí bò. Ó rántí ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà. Ẹni tí ìtìjú bá mú á wá ibi tí yóò gbé e lé, ejìká ọmọdé sì ni ó máa ń sún mọ́ ni jù.

"Òpùrọ́! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ẹni tó bá ń purọ́, olè ló kàn. Ìgbà wo lo ti ń ṣe èyí?"

"Àní, kó o máa fi àgbàlagbà ṣeré bí ọmọláńgidi!" Sẹ̀gilọlá gbà á lẹ́nu ẹ̀. "Irú ìwà yìí, mi ò mọ ibi tó ti rí i. Mi ò mọ ilé tó ti kọ́ ọ."

Ibẹ̀ ni Ìyá Sherif ti wúkọ́.

Àwọn tí wọn ò tíì panu pọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ yìí wá, ohùn wọn wá ṣọ̀kan: ọmọ náà ti bàjẹ́, kò tíì pẹ́ jù, ẹni tó lè tọ́ ọ ni kí wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ọládélé pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lórí fóònù, Àǹtí Bímpé tó ń ta ẹja yíyan ní Ọ̀tọ̀-Àwórì. Kò sí ẹni tí kò mọ Àǹtí Bímpé nínú ẹbí. Ọmọ tó bá wọ́, bó bá dọ́wọ́ ẹ̀, á nà tọ́ọ́. Òun ló fi pàṣán tọ́ Ṣẹ́gun ọmọ ẹ̀ títí tó fi di ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ni lóòótọ́," ni Ìyá Sherif sọ sétí Àlàjá. "Ó jẹ́ẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í pe ìyá ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti lọ sí Ìlọrin. Bí wọ́n bá pè é, kì í gbé e."

Sẹ̀gilọlá fúnra ẹ̀ ló di báàgì ọmọ náà. Aṣọ ilé, aṣọ òde, bàtà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ọwọ́ ẹ̀ ń yára bí ọwọ́ ẹni tó mọ̀ pé bí òun bá dúró díẹ̀, òun ò ní lè ṣe é mọ́. Bámikẹ́ jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Kò sunkún. Ó kàn ń wo báàgì náà bó ti ń yó.

*

Kẹ̀kẹ́ kan ló gbé Àǹtí Bímpé dé, òórùn ẹja yíyan sì ṣáájú ẹ̀ wọlé. Sẹ̀gilọlá kúnlẹ̀ kí i. Ọládélé dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó gba àga ní kọ́ridọ̀, ó kọ omi, ó ní òun ò wá ṣe àlejò.

"Bámikẹ́, wá kúnlẹ̀ síbí."

Ọmọ náà kúnlẹ̀.

"Wọ́n ní o máa ń yí iṣẹ́ padà. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àbí o ò bẹ̀rù ẹni tó ń rán ọ?"

"Mo bẹ̀rù wọn, mà."

"Kí ló wá dé? Òótọ́ ni mo fẹ́. Bó o bá purọ́ níwájú mi, á burú. Iṣẹ́ wo ni wọ́n rán ọ, báwo lo ṣe jẹ́ ẹ? Sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Má fi iyọ̀ sí i."

Bámikẹ́ wo bàbá ẹ̀. Ó wo ìyá ẹ̀.

"Sọ ọ́," ni bàbá ẹ̀ wí. "Kí wọ́n gbọ́ irú ọmọ tó o jẹ́."

"Mọ́mì ní, 'Sọ fún bàbá ẹ pé bí kò bá fẹ́ wálé mọ́, kó má wá, ilé á túbọ̀ tutù.'" Ohùn ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n. Ohùn ìyá ẹ̀ gan-an ló fi ń sọ ọ́, bí ọmọ ṣe máa ń ṣe, pẹ̀lú bí ìyá ẹ̀ ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀. "Mo ní, 'Dádì, Mọ́mì ní ẹ tètè máa bọ̀.'"

Ìyá Sherif fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Dádì ní, 'Sọ fún ìyá ẹ pé ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ, ojú mi fọ́ ni.' Mo ní, 'Mọ́mì, Dádì ní ẹ kú iṣẹ́ ilé.'"

"Ó tó," ni Ọládélé wí.

"Kò tíì tó," ni Àǹtí Bímpé wí. "Ìwọ lo ní kó sọ ọ́. Máa bá a lọ."

"Dádì ní kí n sọ pé àwọn ò ní jẹ oúnjẹ ẹlẹ́nu ejò. Mo ní, 'Dádì ní àwọn ti yó, kí ẹ bá àwọn gbé e pa mọ́.' Mọ́mì ní... Mọ́mì ní..."

"Kí ni Mọ́mì ní?"

"Mọ́mì ní, 'Sọ fún un pé ohun tí mo kábàámọ̀ jù láyé mi ni pé mo bímọ fún un.'"

Àǹtí Bímpé fa àga ẹ̀ sún mọ́ ọmọ náà.

"Báwo lo ṣe wá jẹ́ ìyẹn?" ni Àǹtí Bímpé béèrè. Ohùn ẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mi ò jẹ́ ẹ, mà. Mo débi kọ́tìnì, mi ò mọ bí mo ṣe máa tún un ṣe. Mo kàn kí Dádì pé ẹ káàárọ̀. Mo padà lọ bá Mọ́mì, mo ní wọ́n ti gbọ́."

Sẹ̀gilọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìró òde tó wọ̀ lọ sẹ́sẹ̀ afárá. Kò bo ojú. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ wò ó máa wò ó. Gbogbo ìgbà tó ń bú ọkọ ẹ̀ lọ́nà jínjìn yẹn, ọkọ ò gbọ́ ọ̀kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, òun ló sì ń gbọ́ ti ìhà méjèèjì.

"Kí ló dé tó o fi ń ṣe bẹ́ẹ̀?" Àǹtí Bímpé tún béèrè. "Ta ló kọ́ ọ?"

Bámikẹ́ wo Àlàjá. Àlàjá ń wo ilẹ̀.

"Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà," ni ọmọ náà wí. "Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú..."

Kò parí ẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ bó ṣe parí.

Bí ọmọdé bá tọrọ gáfárà kó tó pòwe, àgbà ló gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, bí ẹni tó na ọwọ́ tí wọn ò bọ̀ ni. Ìyá Sherif wo Àlàjá, ó ń retí kó dáhùn, nítorí òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Àlàjá mi orí.

"Èmi kọ́ ni wọ́n pa á fún."

Ọmọ náà wà lórí eékún. Ọládélé la ẹnu. Nǹkan tó gbé mì láàárọ̀ ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti di egungun.

"O ó rí òmíràn pa," ló wí nígbẹ̀yìn.

"O ó rí òmíràn pa," ni Sẹ̀gilọlá wí láti ilẹ̀.

Àǹtí Bímpé dìde. Ó wo báàgì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ, ó wo àbúrò ẹ̀ àti ìyàwó àbúrò ẹ̀.

"Ẹ ní kí n wá mú ẹni tí ìwà ẹ̀ ò dáa lọ. Ọládélé, ta ni kí n mú nínú yín?"

Àǹtí Bímpé fi ẹsẹ̀ ti báàgì náà padà sínú yàrá.

"Mo ti ní ọmọ kan tó ń dákẹ́ fún mi," ló wí, bí ẹni tó ń sọ fún ara ẹ̀. "Ìkan ti tó mi." Ó yọ ẹja kan tó fi bébà wé nínú àpò ẹ̀, ó fi lé Bámikẹ́ lọ́wọ́, ó sì lọ wá kẹ̀kẹ́ míì. Kò sí ẹni tó tún rí i kó wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Ìyá Sherif tó sìn ín dé títì sọ pé kó tó wọ kẹ̀kẹ́, ó yọ fóònù, ó gbé e sétí, ó pẹ́ lórí ẹ̀, kò sọ̀rọ̀ kankan.

*

Oúnjẹ alẹ́ ni ẹ̀wà tó kù, àti ẹja Àǹtí Bímpé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí yàrá. Sẹ̀gilọlá bu oúnjẹ. Àgbàdo tí Ọládélé rà ṣì wà lórí àga nínú bébà, ó ti le, àgbọn ẹ̀ ti gbẹ létí.

"Bámikẹ́," ni Ọládélé wí, "sọ fún ìyá ẹ pé..."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti gbéra kí etí ẹ̀ tó gbọ́ tán.

"Jókòó," ni bàbá ẹ̀ wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Àwọn ohun tí èèyàn ń fi òjò kan kọ́, kì í fi alẹ́ kan gbàgbé. Ó ní láti kọ́kọ́ yí orí, lẹ́yìn náà ejìká, lẹ́yìn náà gbogbo ara, bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

"Ìyá Bámikẹ́. Àgbàdo yìí. Fún àwa méjèèjì ni mo rà á. Ibi tí ọkọ̀ Àlàbá ti ń já wa ni mo dúró sí."

Sẹ̀gilọlá gbójú sókè.

"Òdìkejì?"

"Òdìkejì."

"Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo wà. Mo rí ẹnì kan lọ́hùn-ún tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ sánmà. Mo ní kò lè jẹ́ ẹ̀yin. Mo ní ẹ ò lè wọ ìyẹn nítorí mi."

Ọládélé ṣẹ́ àgbàdo náà sí méjì. Èyí tó gùn ló nà sí ìyàwó ẹ̀, láìgba ọwọ́ ọmọ kọjá. Ó le, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò wo ara wọn lójú, ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ wò kó tó fi ẹsẹ̀ kejì lé e.

"Lọ tú báàgì ẹ," ni Sẹ̀gilọlá sọ fún Bámikẹ́. Ó fẹ́ sọ nǹkan míì. Ó kàn fa orí ọmọ náà mọ́ra, ó sì jẹ́ kó lọ.

Bámikẹ́ kúnlẹ̀ ti báàgì náà. Ó kó aṣọ ilé jáde, ó ká wọn sínú àpótí aṣọ. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó dá a padà sínú ife. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó tẹ́tí sí ohùn méjì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ láìgbé e dání. Ó fẹ́ràn ohùn náà. Ó tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀.

Aṣọ òde àti bàtà ṣì wà nínú báàgì. Ó fa síìpù ẹ̀ dé, ó rọra tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ti lè tètè tó o.